Laptop Tó Ti Pẹ́ Tó Ń Dákú Lójijì: Ìbéèrè Tí Àwọn Èèyàn Wa ní Abuja Ń Bi Mí Jù, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá láti Kubwa, Nyanya, Karu, Lugbe, títí dé Kaduna àti Kano: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí laptop mi ń kú lójijì?" Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí ẹ lè rí wọn kà kí ẹ tó náwó. Laptop Windows tó ti lo bí ọdún márùn-ún sókè ni mo ń bá wí, tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn.

Kí ni ẹ ń pè ní "dákú" gan-an?

Oríṣi mẹ́rin ni mo ń rí, wọn ò sì jọra. Ti àkọ́kọ́, ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, mouse ò ní rìn mọ́, bẹ́ẹ̀ iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ti ìkejì, gbogbo ẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ti ìkẹta, á pa ara rẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ti ìkẹrin, ojú búlúù á yọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á wà lórí rẹ̀, kó tó wá tún ara rẹ̀ tàn. Ní ọdún 2025, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú búlúù yìí di dúdú lórí Windows 11; nǹkan kan náà ni.

Tí ẹ bá gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe, ẹ má kàn sọ pé "ó ti bàjẹ́". Ẹ sọ èyí tó ń ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó kú lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ nǹkan kan, ooru tàbí iná ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Èyí tó gbé ojú búlúù wá, Windows ráyè sọ̀rọ̀ kó tó kú, a sì lè wádìí ohun tó sọ.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀. Kí ẹ tó fẹ́ eruku, kí ẹ tó pe ẹnjinnía, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Laptop tó dákú tó jí lónìí lè má jí lọ́la.

Ẹ fi èyí tí ẹ ò lè rí mọ́ ṣáájú: iṣẹ́ ìwádìí, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìṣirò ọjà, fọ́tò àwọn òbí yín. Fíìmù àti orin lè dúró. Flash 64GB tó fún ìwé àti fọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ń kú bí ẹ ṣe ń kó wọn, ẹ máa kó fódà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi láàárín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń pa á?

Ìgbà tó ń kú ló máa sọ ohun tó ń pa á. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tó bá kú, ẹ kọ aago sílẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bóyá ṣájà wà lára rẹ̀, bóyá iná NEPA ni àbí jẹnẹrétọ̀, bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú iṣẹ́ ni, ooru ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, bátìrì ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ gbé e látorí tábìlì sórí itan, ohun kan ti tú nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fáìlì kan pàtó ni ẹ máa ń ṣí kó tó kú, hard disk, ìyẹn ibi tí fáìlì yín ń gbé, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èyí tí kò ní àkókò, tó ń kú bó ṣe wù ú, RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò.

Arábìnrin kan láti Gwarinpa kọ tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìnáwó ilé. Ìgbà mẹ́fà ló kọ, gbogbo wọn bọ́ sáàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, kò sì kú lálẹ́ rí. Mi ò tíì tú bóòtù kan tí mo ti mọ̀ pé ooru ni.

Ṣé ooru Abuja lè pa laptop lóòótọ́?

Ó ń pa á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe laptop ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 35°C lọ. Nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin, Abuja máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Sokoto àti Maiduguri máa ń kọjá 40°C. Ẹ wá rò ó wò pé yàrá kékeré ni ẹ̀rọ náà wà, kò síná, fáànù òkè ò yí. Processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, fúnra rẹ̀ máa ń dín eré kù tó bá ti ń sún mọ́ 100°C. Tí ooru náà kò bá rọlẹ̀, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Ààbò ni wọ́n fi èyí ṣe, kì í ṣe àrùn. Àrùn tó fà á ni ká wá.

Eruku ni àrùn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Tí mo bá yọ ìdérí ìsàlẹ̀, mo máa ń wo àárín fáànù àti àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru ń gbà jáde. Eruku ọyẹ́ á ti dì mọ́ irun orí àti òwú aṣọ níbẹ̀, á nípọn bí aṣọ òfì, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ ìlú yìí. Mo máa ń fi ẹ̀mú kékeré fà á, á sì jáde lódindi bí ẹni bó awọ. Láti òde, ẹ ò ní rí i rárá. Fáànù ń yí, ẹ sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà jáde.

Ẹ gbé ọwọ́ sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Tí fáànù bá ń pariwo tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò sì tó nǹkan, ó ti dí. Tí fáànù kò bá dún rárá tí ìsàlẹ̀ sì gbóná bí ìkòkò, fáànù ti kú, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí iye ooru gan-an lè lo HWiNFO tàbí Core Temp, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì fún ìlò ilé.

Ẹ má lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí ìrọ̀rí, tàbí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ fi ìdérí ìgò omi méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè lórí tábìlì. Mo ti rí laptop tí kò kú mọ́ nítorí èyí nìkan.

Ṣé mo lè fẹ́ eruku rẹ̀ fúnra mi?

Ẹ lè ṣe é tí ọwọ́ yín bá balẹ̀. Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá jẹ́ èyí tó ń yọ láti ìta. Tí bátìrì bá wà nínú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ìdérí ni wáyà rẹ̀ lára bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde.

Bí ẹ ṣe ń tú bóòtù, ẹ tò wọ́n sórí ìwé ní ipò tí ẹ ti yọ wọ́n. Wọn ò gùn bákan náà, bóòtù gígùn tí ẹ bá sì dè sí ihò kúkúrú lè lu bọ́ọ̀dù. Ẹ fi igi tín-ín-rín di fáànù mú kí ẹ tó fi blower fẹ́ ẹ, torí tó bá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè bàjẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọlé. Kí ọyẹ́ tó wọlé, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Tí ọyẹ́ bá parí, ẹ tún un ṣe.

Tó bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn tó mọ́, thermal paste ti gbẹ. Òun ni ọ̀rá tó wà láàárín processor àti irin tó ń gbé ooru lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó máa ń le bí ẹ̀kọ gbígbẹ. Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pẹ̀lú spirit, kí ẹ fi tuntun sí i, ìwọ̀nba bí hóró ìrẹsì ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọṣẹ ìfọyín dípò rẹ̀. Á gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ooru á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, kíá ló ń kú. Kí ló fà á?

Bátìrì ti parí. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, kí ẹ ṣí i, ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí ni, kí ẹ kọ `powercfg /batteryreport`. Á sọ ibi tó fi ìwé ìròyìn náà sí. Ẹ ṣí i, ẹ wo nọ́ńbà méjì: Design Capacity, ìyẹn agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù. Tí ti tuntun bá jẹ́ 48,000 mWh tí èyí tó kù sì jẹ́ 9,000, kò sí àtúnṣe níbẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bátìrì tún wà tó máa ń pa irọ́. Á fi 35% hàn yín, á sì kú lójijì. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ ti rẹ̀, tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ kò lè gbé e mọ́. Àwọn kan máa ń yọ bátìrì kúrò pátápátá, wọ́n á máa fi ṣájà nìkan lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni Windows máa kú sáàárín iṣẹ́, fáìlì á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kò yẹ ká máa gbé bẹ́ẹ̀.

Touchpad mi ń yọ sókè, ìdérí ìsàlẹ̀ sì ń là. Ṣé ó kan bátìrì?

Bátìrì ti wú. Ẹ pa á báyìí, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tún un tàn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má gún un, ẹ má gbé e sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Bátìrì líthíọ̀mù tó bá lu lè gbiná. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ àti iná NEPA ló ń bà á jẹ́?

Ṣájà laptop lè gba iná láti 100V sí 240V, ìdí nìyẹn tí iná tó rẹlẹ̀ kì í fi í pa á bó ṣe ń pa fíríìjì. Iná tó dé lójijì pẹ̀lú agbára ni ewu. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ ṣájà lára ògiri. Tó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó dúró dáadáa kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi í sí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti ń gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfami pọ̀. Bí ẹ̀rọ ìfami bá ṣe ń dìde ni iná á máa lọ sókè sódò.

Tí ara irin laptop bá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ tíntín tí ṣájà bá wà lára rẹ̀, tí touchpad sì ń fò kiri, ilé yín ò ní earthing tó dáa, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá yà lọ sínú ilẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ kẹta ṣájà yín ò kan nǹkan kan. Mo rí i ní ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní ẹ̀yìn ìlú. Iṣẹ́ oníná ni, ẹ pè é.

Ṣájà tí mo rà lọ́jà wọ̀ ọ́. Ṣé ó lè jẹ́ òun?

Ó lè jẹ́ òun. Kó wọ ihò kò sọ pé ó bá a mu. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà àti ìsàlẹ̀ laptop. Volt gbọ́dọ̀ bára mu. Ampere gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà tàbí kó jù ú lọ. Èyí tí wọ́n kọ 19.5V àti 3.33A sí jẹ́ bíi 65W. Tí ẹ bá fún un ní 45W, á ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, á sì máa kú tàbí kó fà tí ẹ bá ṣí ohun tó wúwo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Dell, abẹ́rẹ́ kékeré kan wà láàárín ẹnu ṣájà tó ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó jẹ́. Tó bá tẹ̀ tàbí tó já, ẹ̀rọ á ní òun ò mọ ṣájà náà, kò ní ṣáájì bátìrì, á sì dín eré kù.

Ojú búlúù ń yọ, àmọ́ ó ń lọ kí n tó kà á.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ `sysdm.cpl`, ẹ lọ sí Advanced, lẹ́yìn náà Settings lábẹ́ Startup and Recovery. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart. Láti ìgbà náà lọ, ojú búlúù á dúró títí ẹ ó fi ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù.

Fún àwọn tó ti kọjá, ẹ kọ `perfmon /rel` síbi kan náà. Ìwé ìtàn ẹ̀rọ yín á ṣí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á wà lọ́tọ̀, àmì pupa á wà níbi tó ti kú. Mo nífẹ̀ẹ́ ojú ìwé yìí gan-an. Tí àmì pupa bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Tuesday kan, tí ẹ sì rántí pé ọjọ́ yẹn lẹ fi nǹkan tuntun sí i, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín.

Kí ni ọ̀rọ̀ tó wà lórí ojú búlúù náà túmọ̀ sí?

Mo mú àwọn tó máa ń dé ọwọ́ mi jù. MEMORY_MANAGEMENT: ẹ dán RAM wò. KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR àti NTFS_FILE_SYSTEM: hard disk tàbí wáyà rẹ̀ lẹ máa fura sí ṣáájú. VIDEO_TDR_FAILURE: ẹ̀ka tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ, driver rẹ̀ (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀) tàbí chip fúnra rẹ̀. DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL: driver ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì wò ó bóyá orúkọ fáìlì tó parí sí .sys wà nísàlẹ̀ rẹ̀, torí òun ló máa tọ́ka sí ẹni tó ṣẹ̀. INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE: Windows ò rí disk tó fẹ́ gbéra láti inú rẹ̀. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR: ohun èlò fúnra rẹ̀ ló ń ké, ooru, iná tàbí processor, ẹ má fàkókò ṣòfò lórí Windows.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́. Tí ẹ̀rọ bá kú lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, RAM ni mo máa ń lọ bá.

Báwo ni mo ṣe ń dán RAM wò?

Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ `mdsched.exe`, ẹ jẹ́ kó tún ara rẹ̀ tàn. Á yẹ RAM wò fúnra rẹ̀. Tó bá ní òun rí àṣìṣe, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ má tíì gbà á pátápátá. MemTest86 tí wọ́n ń gbé sórí flash ń yẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ jù, ó sì lè gba gbogbo òru. Ẹ yan òru tí ọkàn yín balẹ̀ pé iná á wà.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ yọ ti inú rẹ̀, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ rírọ̀ pa ẹnu wúrà rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ títí yóò fi dún "kó". Ẹnu tó dọ̀tí máa ń fa wàhálà ju RAM tó kú lọ. Tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀kan lò ó fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá fi èkejì lò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn ní Emab Plaza tàbí Banex, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Oríṣi RAM ni DDR3 àti DDR3L, wọ́n wọ ihò kan náà, àmọ́ 1.5V ni ti àkọ́kọ́, 1.35V sì ni ti ìkejì. Ọ̀pọ̀ laptop Intel ìran kẹrin sókè tó ń lo irú RAM yìí, DDR3L ló fẹ́. Tí ẹ bá fi DDR3 lásán sí i, ó lè má tàn tàbí kó máa dákú.

Hard disk ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?

Ẹ fi etí sí i. Disk àtijọ́ tó ń yí, tó bá ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́" tí ojú ẹ̀rọ sì dúró gbagidi nígbà kan náà, ń kú lọ. Ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara disk ṣe rí, wò ó. Tó bá fi Caution tàbí Bad hàn, ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. Apá disk tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń kà, tí nọ́ńbà wọn bá sì ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a padà.

Ọ̀pọ̀ ẹnjinnía á ní kí ẹ lo `chkdsk /r` kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kó fáìlì yín jáde ná. Àṣẹ yẹn máa ń ka gbogbo ojú disk láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, disk tó ti ń mí gúlegúle lè gba ibẹ̀ kú.

Tó bá jẹ́ pé disk ni, ẹ ra SSD, irú disk tuntun, dípò rẹ̀. Nínú gbogbo owó tí èèyàn lè ná sórí laptop àtijọ́, èyí ni mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Kò ní ohun tó ń yí nínú, kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ìgbọ̀njìgbọ̀n ọ̀nà Mararaba láàárọ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tàn á sì máa tàn kí ẹ tó jókòó dáadáa.

Ṣé fáírọ́ọ̀sì kọ́?

Kì í sábà jẹ́ òun. Fáírọ́ọ̀sì á mú un fà, á mú ìpolówó yọ, á jí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹ fi Windows Security yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ̀síwájú. Windows tí wọ́n fi crack ṣí, ìyẹn láìsanwó rẹ̀, lewu ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ ò mọ ohun tó bá a wọlé.

Ẹnjinnía ní òun fẹ́ "format" ẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Format ni kó pa gbogbo ohun tó wà lórí disk rẹ́, kó sì tún Windows tuntun sí i. Ẹ bi í pé: kí lẹ rí? Tí kò bá lè sọ, ẹ gbé ẹ̀rọ yín. Windows tuntun kì í fẹ́ eruku, kì í sì í tún RAM ṣe. Ìyá kan láti Karu gbé laptop ọmọ rẹ̀ wá fún mi lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fọ̀ ọ́ nù nígbà méjì láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ ìwádìí Másítà ọmọ náà ti lọ, orí mẹ́ta gbáko. Bóòtù kan tó ń di fáànù mú ló tú. Mo dè é níwájú ìyá náà, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún un nípa orí mẹ́ta yẹn.

Kí ẹ tó gbà, ẹ gbìyànjú méjì yìí nínú cmd tí ẹ bá fi Run as administrator ṣí: `DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth`, tó ń fẹ́ dátà díẹ̀, lẹ́yìn náà `sfc /scannow`. Wọ́n ń tún fáìlì Windows tó bàjẹ́ ṣe láìfọwọ́ kan iṣẹ́ yín.

Ṣé Windows 10 tí Microsoft pa tì ló fà á?

Rárá. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ọ̀fẹ́ dúró, ẹ̀rọ yín ò sì kú torí ìyẹn. Ààbò rẹ̀ ló dín kù. Windows 11 ń fẹ́ chip ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, RAM 4GB ó kéré tán, àti processor Intel láti ìran kẹjọ lọ sókè. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7: i5-4300U, ìran kẹrin nìyẹn, i5-8250U, ìran kẹjọ. Àwọn kan máa ń fi túláàsì gbé Windows 11 sórí ìran kẹrin. Mo ti rí bó ṣe ń dákú nítorí driver tí kò bá a mu. Èmi ò ní ṣe é sórí ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi ń jẹun.

Lẹ́yìn update ló bẹ̀rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dá a padà?

Driver tàbí ohun ààbò tó wọlé sí inú Windows lọ́hùn-ún lè pa á, kódà lórí ẹ̀rọ tuntun. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, gbé ojú búlúù sórí ẹ̀rọ bíi mílíọ̀nù 8.5 kárí ayé, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ yín nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart. Ẹ tẹ̀lé Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, kí ẹ yan Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba driver nìkan ṣiṣẹ́. Ẹ lò ó níbẹ̀ fún wákàtí kan. Tí kò bá kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ driver tàbí ètò kan. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá èyí tí ẹ ń fura sí, ẹ tẹ Roll Back Driver. Tí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ wọlé mọ́, ẹ fi bọ́tìnì pa á lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe ń tàn. Ojú àtúnṣe á yọ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ ibẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó tàn), kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti disk pa, wà lórí rẹ̀. Tó bá wà, ẹ kọ nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ 48 ló ní, láti inú àkáǹtì Microsoft yín. Láìsí nọ́ńbà náà, kò sí ẹnjinnía tó lè ṣí fáìlì yín.

Event Viewer ń sọ pé Kernel-Power 41. Kí ni kí n pààrọ̀?

Ẹ má tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Event Viewer ni ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa. Ó rí òkú, kò rí ẹni tó pa á. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ ní ìṣẹ́jú bíi méjì ṣáájú rẹ̀. Tí ìkìlọ̀ "disk" tàbí "WHEA" bá wà níbẹ̀, ẹ tọ ipasẹ̀ yẹn. Tí kò bá sí nǹkan kan rárá, tó kàn dákẹ́ lójijì, ẹ padà sórí ooru, bátìrì àti ṣájà.

Mo ti ṣe gbogbo èyí, ó ṣì ń kú. Ó kù kí ni?

Ẹ gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ dípò Windows, sórí flash, kí ẹ fi flash náà tan ẹ̀rọ láì fi í sórí disk. Ẹ máa wo fídíò lórí rẹ̀ fún wákàtí kan. Tí kò bá kú, Windows tàbí disk yín ló ní ẹ̀bi, àtúnṣe ṣì wà. Tó bá kú níbẹ̀ náà, tí ooru, RAM àti ṣájà sì ti yege, bọ́ọ̀dù ni.

Bọ́ọ̀dù tí omi tàbí tíì dà sí máa ń pẹ́ kó tó fi hàn. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé á ti máa jẹ irin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fọ̀ ọ́ kó sì pààrọ̀ ohun tó jẹ. Tó bá jẹ́ chip àwòrán ni, àwọn kan á ní àwọn á fi ooru "sè" é. Á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì padà sí bó ṣe wà. Tí ẹ bá máa san owó lórí èyí, kí ó jẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ ráyè kó nǹkan yín jáde.

Ẹ bèèrè iye tí àtúnṣe bọ́ọ̀dù máa jẹ́ àti iye tí wọ́n ń ta odindi tòkunbọ̀ irú rẹ̀. Tí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì, èmi máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ẹ yọ SSD rẹ̀, ẹ ra kéèsì USB kékeré fún un, ẹ kì í bọ laptop tuntun, gbogbo fáìlì yín á sì wà níbẹ̀. RAM rẹ̀ náà lè wọ òmíràn tó bá jẹ́ irú kan náà. Ìyókù, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra páátì. Ẹ má dà á sórí ààtàn pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ nínú.